Ọmọ Tíṣà Tó Gba Ipò Ìkẹyìn

Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ pe ọmọ mi ní olódo. Kì í ṣe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ará àdúgbò, èmi tí mo bí i ni. Níwájú kíláàsì ni mo ti sọ ọ́, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín, n kò sì ní kí wọ́n dákẹ́. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé mo wá gba oríyìn. Àwọn òbí tí ọmọ wọn kò lè fi ọkàn sí ojú kan ni mò ń kọ ọ́ sí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní pankẹ́rẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Bí ẹ bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró lónìí.

Orúkọ mi ni Bísí. Ó ti lé lọ́dún méjìlá tí mo ti ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé aládàáni kan ní Basin, ní Ìlọrin níbí. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni èmi àti ọkọ mi. Iṣẹ́ ìjọba ni òun ń ṣe. Mojísọ́lá ni àkọ́bí wa. Láàárín àwa tíṣà, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ rí: ọmọ tíṣà kì í rẹ̀yìn. Bí kò bá gba ipò kìíní, kó gba ìkejì. Bó bá fi lè kọjá ìkẹwàá, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni wọ́n á máa sọ bí wọ́n bá ń jẹ ẹ̀pà ní yàrá tíṣà. Mo ti bá wọn sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ ẹlòmíràn, mo sì jẹ ẹ̀pà yó.

Àwọn àmì ohun tó ń ṣe Mojí ti wà láti kékeré, n kò kàn mọ̀ ọ́n sí àìsàn ni. Bí mo bá ní kí Mojí lọ mú iyọ̀ wá fún mi ní kíṣìnnì, á débẹ̀, á rí omi tó ń kán lẹ́nu ẹ̀rọ, á dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀kán omi náà. Nígbà tí mo bá fi máa pariwo, ó ti ka ọgọ́rùn-ún, kò sì rántí iyọ̀ mọ́. Ní táàmù kan, ó sọ bàtà mẹ́ta nù, ẹsẹ̀ òsì nìkan ni gbogbo rẹ̀. Mo so pẹ́ńsù àti ìrésà mọ́ okùn, mo fi kọ́ ọ lọ́rùn kí ó má baà sọ wọ́n nù. Okùn nìkan ló gbé délé.

Ohun tó wá ń mú mi bínú jù ni pé ọpọlọ rẹ̀ pé. Bí wọ́n bá ka ìtàn Bíbélì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, á sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ohun tí pásítọ̀ fi orí fò. Ṣùgbọ́n kí ó da ìlà mẹ́wàá kọ láti ara bọ́ọ̀dù, kò lè ṣe é. Á kọ méjì, á tẹjú mọ́ fèrèsé. Bí o bá ń bá a sọ̀rọ̀, á wo ojú rẹ kòrókòró, á máa mi orí, kò sì ní gbọ́ ohun kan. Èmi wá pinnu pé ọ̀lẹ ni. Ọmọ tó ní ọpọlọ tí kò lò ó, kí ni ká pè é?

Nígbà tó dé kíláàsì kẹrin, èyí tí mò ń kọ́, ọ̀gá ilé ìwé wa ní kí n jẹ́ kí wọ́n gbé e sí ìhà kejì, sọ́dọ̀ tíṣà mìíràn. Mo kọ̀. Mo ní kò sí ẹni tó lè tún un ṣe bí èmi. Àṣà ilé ìwé wa ni pé ọmọ tíṣà kì í pe ìyá rẹ̀ ní Mọ́mì nínú ọgbà, kí àwọn ọmọ yòókù má baà rò pé ojúsàájú wà. Bó bá ti wọ géètì, Àǹtí ló gbọ́dọ̀ máa pè é títí ilé ìwé á fi parí. Mojí gbàgbé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ lọ tọ̀." Mo nà án ní ẹgba méjì ní àtẹ́lẹwọ́ kí n tó jẹ́ kó lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ kan bá jẹ ẹgba méjì lórí ohun kan, Mojí á jẹ mẹ́rin lórí ohun kan náà, kí gbogbo ayé lè rí i pé n kò ṣe ojúsàájú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ní, "Àǹtí Bísí, ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ ọ́ tọ́ o." Inú mi máa ń dùn. Ẹ tún un kà: inú mi máa ń dùn. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ká fi òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì tèmi, rẹ́jísítà ló dì mú.

Kò pẹ́ tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Láràárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé ni, kì í ṣe Sátidé, kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi. Á bì nígbà mìíràn kí a tó kúrò nílé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní. Ó ń fa irun ẹ̀yìn etí rẹ̀ tu lọ́kọ̀ọ̀kan títí ibẹ̀ fi pá, mo sì ní kí onídìrí máa di irun bo ojú ibẹ̀. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní àdúgbò lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ní ibà ni, wọ́n fún un ní oògùn ibà àti oògùn aràn. Lẹ́yìn ìkẹta, mo sọ fún un pé kò sí ohun tó ń ṣe é, pé ẹ̀tàn ni.

Ìgbà yẹn ni ẹbí dá sí i. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, wá láti Ọ̀mù-Àrán. Ó wo Mojí fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní, "Ìyàwó, ọmọ yìí ò yọ̀lẹ. Iyè ẹ̀ ni ò dúró. Ẹ jẹ́ n bá a wá ìsọ̀yè." Ọkọ mi ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wá, a ò ní fi oògùn ìrántí kan ọmọ lẹ́nu. Pásítọ̀ ní ká gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, a gbà á, Mojí náà gbà á, wọ́n sì tún bá a wí pé kò dijú nígbà àdúrà. Alhaja tó ni ilé tí à ń gbé gbọ́, ó gbé hàntú wá nínú ike, omi tí wọ́n fi fọ wàláà tí wọ́n kọ àdúrà sí. Ó ní, "Ìyá Mojí, ẹ má wo ti ẹ̀sìn. Ọlọ́hun kan náà ló ni gbogbo wa, àlùbáríkà lẹ máa wá." Èmi tí mò ń kọ́ Bíbélì ní ilé ìwé ọjọ́ Ìsinmi, mo bu ú fún ọmọ mi, ó mu ún. Kò sí ohun tí n kò lè fún un nígbà yẹn, bó bá ṣáà ti lè gbé e kúrò lẹ́yìn.

Ọjọ́ ìparí táàmù kejì ni mo ṣe èyí tó burú jù. Ní ilé ìwé wa, tíṣà kíláàsì ló máa ń ka ipò sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ àti àwọn òbí tó bá wá, láti ìkìíní dé ìkẹyìn. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún àwọn tó wà níwájú, wọ́n á hó lé àwọn tó wà lẹ́yìn. Ọ̀gá wa rọra bá mi sọ ọ́ pé, "Àǹtí Bísí, ẹ lè dúró sórí ìkẹẹ̀ẹ́dógún lọ́tẹ̀ yìí." Mo ní rárá, àṣà ni àṣà. Mo ka gbogbo rẹ̀. Mo gbé ohùn sókè nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀: "Mojísọ́lá, ìkejìlélọ́gbọ̀n nínú méjìlélọ́gbọ̀n." Wọ́n hó. Ó jáde wá gba káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ mi, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀.

A délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ní, "Mọ́mì, ebi ń pa mí." Mo yí padà sí i.

"Kí lo pè mí?"

Ó wo ojú mi. "Mọ́mì. Ilé la wà."

"Láti òní lọ, Àǹtí ni mo jẹ́ fún ẹ nílé náà. Ìyá olódo kọ́ ni mí. Ọjọ́ tó o bá gba ipò tó dáa lo máa tó pè mí ní Mọ́mì."

Ó ní, "Ipò kelòó ló dáa?"

"Ipò kelòó, ta ni?"

"Ipò kelòó, Àǹtí?"

"Ìkẹwàá."

Ọkọ mi wà lórí àga, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Bísí, ẹyin lọ̀rọ̀ o." Mo ní òun ló ń ba ọmọ jẹ́, kó jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi. Mo bu oúnjẹ fún Mojí. Ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí," ó sì jẹun.

Nígbà tí táàmù kẹta dé ìdajì, mo fúnra mi tẹ Màmá láago pé kó máa gbé ìsọ̀yè náà bọ̀. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bú arúgbó. Ó wá, ó ti ra lára àwọn èròjà rẹ̀ ní ọjà Ìpàta, ọkùnrin kan ní ìlú wa sì ti bá a pò ó mọ́ oyin nínú ìgò kan. Ó dúdú, ó ki. Màmá pe Mojí jókòó, ó ní, "Ìka kan láràárọ̀, kó o tó jẹun. Bó o bá ti ń lá a, kò sí ohun tí wọ́n kọ́ ẹ tí wàá gbàgbé." Mo gbé ìgò náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọkọ mi rí i, ó kọjá lọ.

Ó lá a fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kò sí ìyàtọ̀. Àárọ̀ ìdánwò ìṣirò, mo wà ní balùwẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ tí àpótí ìjókòó ṣubú ní kíṣìnnì. Mo pariwo láti ibẹ̀ pé, "Mojísọ́lá, kí lo tún fọ́?" Kò dáhùn. Mo rọra parí ìwẹ̀ mi. Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọ mi wà nílẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ìgò náà ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Mo mu ún tán, kó lè gbé mi dé ìkẹwàá."

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn fún odidi ọjọ́ méjì.

Ọkọ mi gbé e kọ́ èjìká, a sáré dé ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹni tó jókòó nídìí fèrèsé ní ká lọ gba káàdì. Èèyàn tó tò síbẹ̀ pọ̀ bí ọjọ́ ìbò. Obìnrin kan tó gbé ọmọ tirẹ̀ pọ̀n rí ojú Mojí, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ fún àwọn tó wà níwájú, "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ jẹ́ kí tiwọn kọjá." Dókítà bi mí pé kí ló wà nínú ohun tó mu. N kò mọ̀. Màmá, tó ti wà lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ tó gbé ìgò náà wá, pe ọkùnrin tó pò ó, fóònù rẹ̀ kò wọlé. Èmi tí mo máa ń gba súìtì lọ́wọ́ ọmọ láti yẹ ọ̀rá rẹ̀ wò, n kò mọ ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún ọmọ mi lá. Màmá jókòó sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá itan, ó ń ní, "Èmi ni. Èmi ni mo gbé e wá." Kò sí ẹni tó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó yẹ kí n sọ pé èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. N kò sọ ọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Nígbà tó lajú, nọ́ọ̀sì ń dán an wò bóyá iyè rẹ̀ ti padà. Ó bi í ní orúkọ, ó dáhùn. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Ta nìyí?"

Mojí ní, "Àǹtí mi ni."

Nọ́ọ̀sì náà yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ ṣeun, ẹ kú ìdúró. Ẹ bá wa pe ìyá ẹ̀ wá kó wá buwọ́ lùwé."

Mo ní èmi ni ìyá rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ọmọ, ó gbé bírò lé mi lọ́wọ́. Nígbà tó lọ tán, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Mojí, òfin yẹn ti tán. Èmi ni Mọ́mì rẹ. Mọ́mì ni kó o máa pè mí." Ó wo ojú mi kòrókòró, ó mi orí.

Dókítà obìnrin kan níbẹ̀ ló ní àwọn ìbéèrè òun ju ti ìgò lọ. Ó bi wá nípa bàtà, nípa irun ẹ̀yìn etí, nípa inú rírun. Ó kọ ìwé fún wa láti lọ rí àwọn tó ń wo ọpọlọ àti ìwà ọmọdé. Aago mẹ́fà àárọ̀ la dé ibẹ̀, a bá èèyàn lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn òbí kan ń fi gèlè bojú kí ojúlùmọ̀ má baà rí wọn. Lórí bẹ́ǹṣì náà ni mo ti pàdé ìyá Rukayat. Mo kọ́ Rukayat ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi ni mo kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ pé aláìnírònú ọmọ ni. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí." Ó sún kí n lè ráyè jókòó. A jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa títí di ọ̀sán.

Àìsàn náà ní orúkọ Òyìnbó, lẹ́tà mẹ́rin péré. Dókítà ibẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá. Ó ní, "Ọpọlọ ọmọ yín ò bàjẹ́. Ó dà bíi rédíò tó ń gba ilé iṣẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe pé kò fẹ́ gbọ́ yín o. Kò lè dá yín yà lára àwọn tó kù ni. Ẹ̀yin wá ń na rédíò." Ó ní oògùn wà fún àwọn ọmọ mìíràn, ṣùgbọ́n fún tiwa, ká kọ́kọ́ tún ilé àti kíláàsì ṣe. Inú rírun, irun fífà, ìtọ̀ orí ẹní, ó ní ìbẹ̀rù ló fa gbogbo ìyẹn. Kò bi mí pé ìbẹ̀rù ta.

Ohun tí à ń ṣe báyìí nìyí, bóyá yóò ran ẹnì kan lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni à ń sọ fún un lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá fẹ́ kó wẹ̀, kó wọṣọ, kó jẹun, kí ó wẹ̀ ni mo máa sọ, màá sì dúró. A fi òwú pupa so ìwé ìṣirò, òwú àwọ̀ ewé so ti Yorùbá, kí ojú rẹ̀ lè mú wọn láìkà. Báàgì rẹ̀ ní ìṣó tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá ti jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, òun àti bàbá rẹ̀ á palẹ̀ rẹ̀ mọ́, á sì gbé e kọ́, kí ìjà má baà sí láàárọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán búrọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀sẹ̀, bàtà méjèèjì àti pẹ́ńsù, a lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ó ń kàwé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, aago kékeré á dún, á jáde lọ yí igi máńgòrò Alhaja po lẹ́ẹ̀mejì, á padà wá. Lójú Alhaja, eré ni. Ó máa ń bá a kà á. Àbúrò ọkọ mi tó ń kàwé ní yunifásítì tó wà ní Malete ló kọ́ wa ní ti aago, nítorí òun náà kò lè jókòó pẹ́, ìyá wọn nà án títí ó fi dàgbà.

Wọ́n gbé e kúrò ní kíláàsì mi. Tíṣà rẹ̀ tuntun gbà pé kó jókòó níwájú, jìnnà sí fèrèsé, kó ṣe ìṣirò márùn-ún dáadáa dípò ogún. Ẹ lọ bá tíṣà ọmọ yín sọ̀rọ̀ kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró de káàdì. Mo bẹ ọ̀gá wa kí a dẹ́kun kíka ipò sétígbọ̀ọ́. Ó ní àwọn òbí fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣì ń kà á, wọ́n ṣì ń hó. Ní kíláàsì tèmi, inú ìwé ni mo ń kọ ipò ọmọ kọ̀ọ̀kan sí fún un, n kò sì ní pankẹ́rẹ́ mọ́. Àwọn kan ní yàrá tíṣà ní mo ti rọ̀.

Mojísọ́lá ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá báyìí. Inú kì í run ún mọ́. Irun ti hù padà lẹ́yìn etí rẹ̀. Ó sọ bàtà kan nù ní táàmù tó kọjá, a rẹ́rìn-ín sí i. Dókítà ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ tún ọ̀rọ̀ sọ fún un nígbà púpọ̀ kó tó dúró sí i lórí. Mo ti sọ fún un nígbà púpọ̀ pé Mọ́mì ni kó máa pè mí. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti ra aṣọ, mo ti sunkún lójú rẹ̀. Á wò mí, á mi orí. Òfin Àǹtí yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́.

Lọ́jọ́ ìparí táàmù tó kọjá, ó délé pẹ̀lú káàdì rẹ̀ nínú báàgì, bàtà méjèèjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ipò kẹtàlá. Bàbá rẹ̀ gbé e sókè, Màmá ń jó lórí fóònù láti Ọ̀mù-Àrán. Èmi náà la apá mi sílẹ̀. Ó gba káàdì rẹ̀ padà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó tún un wò, ó ń fi ìka kà.

Ó ní, "Ó ku mẹ́ta, Àǹtí," ó sì lọ gbé báàgì rẹ̀ kọ́.